Lórí Mélòó? Bí A Ṣe Ń Fi Òǹkà Díwọ̀n Quarterback Yunifásítì Amẹ́ríkà

Láti ìparí oṣù kẹjọ títí wọ oṣù kejìlá, ẹ ò lè rí àga jókòó sí ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Houston lọ́jọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n, òórùn ata dídín ń ti kíṣìnnì wá, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ti wọ jẹ́sì yunifásítì tí oníkálukú ń gbè lẹ́yìn. Ẹnì kan á sáré wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́: "Ọmọ yẹn ti ju yáàdì irinwó lónìí o! Kò sírú ẹ̀!" Bùrọ̀dá, tí wọ́n ti ń wo eré yìí kí n tó mọ̀nà Amẹ́ríkà, kì í gbójú kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n máa ń sọ: "Lórí mélòó?"

Ó máa ń bí mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ pa ayọ̀ èèyàn ni. Ìgbà tí mo wá mú bírò, tí mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi, ni mo rí i pé ìbéèrè yẹn ló ń ya ẹni tó mọ eré sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń ka ariwo. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ò pọ̀. Ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá sún un tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Quarterback lẹni tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ó lè jù ú sí ẹni tó ti sá síwájú, ó lè fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì lè gbé e sá fúnra rẹ̀. Bó bá dé ìpẹ̀kun pápá, touchdown nìyẹn, àmì 6. Bí alátakò bá já èyí tó jù gbà, ìjágbà ni màá máa pè é. Bí wọ́n bá ká a mọ́ kó tó jù ú, tí wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀, ìgbéṣánlẹ̀ nìyẹn. Yáàdì tí à ń wí kò yàtọ̀ sí ti aláṣọ ní Balógun, àfi bí aláṣọ bá ti gé e kù.

1. Ẹ ka ìlà rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀

Lẹ́yìn eré, orúkọ quarterback kọ̀ọ̀kan máa ń ní ìlà kan. Ẹ jẹ́ ká mú ti Joe Burrow ti LSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana) lálẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2020, ní New Orleans, nígbà tí wọ́n na Clemson 42 sí 25 gba ife orílẹ̀-èdè: 31/49, 463, 5, 0. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ju bọ́ọ̀lù nígbà 49, àwọn ènìyàn rẹ̀ mú 31, yáàdì 463 ló ti ibẹ̀ jáde, touchdown 5, ìjágbà kankan ò sí. Òǹkà márùn-ún péré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fò lọ sórí 463 àti 5, wọ́n á fi 49 sílẹ̀. 49 yẹn lẹ máa kọ́kọ́ fi ìka lé.

2. Ẹ pín in

Ọjọ́ kan wà tí mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ní Lubbock ní Texas. Texas Tech gba Oklahoma lálejò. Quarterback Texas Tech lọ́jọ́ náà ni Patrick Mahomes, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Ó ju yáàdì 734. Ẹ tún un kà: ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, nínú eré kan ṣoṣo. Baker Mayfield ti Oklahoma, ní tirẹ̀, ju 545.

Ta ló ju jù lọ? Mahomes. Ta ló dáa jù lọ́jọ́ yẹn? Lórí mélòó?

Mahomes ju bọ́ọ̀lù nígbà 88. Mayfield ju tirẹ̀ nígbà 36. Ẹ pín 734 sí ọ̀nà 88, ẹ ó rí yáàdì 8.3 lórí jíjù kọ̀ọ̀kan, èyí tó dáa gan-an. Ẹ pín 545 sí 36: 15.1. Gbogbo ìgbà tí Mayfield bá ti gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni pé ó ń ju ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá yáàdì 10 tó yẹ kí wọ́n fi ìgbìyànjú mẹ́rin wá. Touchdown rẹ̀ jẹ́ 7, ti Mahomes 5. Oklahoma ló borí, 66 sí 59.

Mo mọ ohun tẹ́nì kan máa sọ: Mahomes tó pàdánù yẹn ló wá gba Super Bowl, ife NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, nígbà mẹ́ta. Òótọ́ ni. Bí ẹnì kan ṣe ṣe lónìí ọ̀tọ̀, ohun tó máa dà lọ́la ọ̀tọ̀. Ẹ má fi òǹkà ti ọjọ́ kan dá ẹjọ́ ti ogún ọdún.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo nǹkan tó wà lórí ìlà náà. Lọ́dún 2021, Bailey Zappe ti Western Kentucky ju touchdown 62, kò sí ẹni tó ju tó bẹ́ẹ̀ rí nínú sáà kan ní ìpele gíga yunifásítì. Ó fi méjì ju 60 tí Burrow ní lọ́dún 2019. Àmọ́ Zappe jù ú nígbà 686, Burrow nígbà 527. Nínú jíjù 100, ti Zappe ń di touchdown bíi 9, ti Burrow ju 11 lọ. Yáàdì lórí jíjù kan: 8.7 sí 10.8. Ìjágbà ń kọ́? 11 sí 6. Bí a ṣe pín in báyìí, ẹni tó ní touchdown púpọ̀ jù ti wá bọ́ sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó bú u.

3. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò òṣùwọ̀n NCAA

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ti ń lo òṣùwọ̀n kan láti ọdún 1979. Ẹ lè rí i lórí fóònù, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń yìn àti ohun tó ń fìyà jẹ. Ẹ mú yáàdì, ẹ fi 8.4 sọ ọ́ di púpọ̀. Touchdown, ẹ fi 330. Iye tí wọ́n mú, ẹ fi 100. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ yọ 200 kúrò fún ìjágbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ sí iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù.

Sáà 2019 ti Burrow nìyí: 402/527, yáàdì 5,671, touchdown 60, ìjágbà 6.

8.4 × 5,671 = 47,636.4
330 × 60 = 19,800
100 × 402 = 40,200
Àpapọ̀ = 107,636.4
Ẹ yọ 200 × 6, ìyẹn 1,200: ó ku 106,436.4
Ẹ pín in sí 527: 202.0

Ṣé 202 pọ̀? Àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n yìí wo eré ọdún 1965 sí 1978, wọ́n sì tò ó kí quarterback tó wà ní àárín nígbà náà lè gba 100 géérégé. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í mú tó ìdajì bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù. Eré ti yí padà. Lónìí, ẹni tó bá gba 100 jákèjádò sáà kan, kóòṣì á ti máa wo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu ká gbé òǹkà ẹni ọdún 1980 sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹni ọdún 2020 ká máa fi ọ̀kan yẹ̀yẹ́. Ẹ gbé e sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ọ̀kan ṣì kù tó ti dá ìjà sílẹ̀ ní pálọ̀ wa: òṣùwọ̀n NFL kì í ṣe èyí. Ti NFL kò lè kọjá 158.3. Bí ẹ bá gbọ́ tẹ́nì kan sọ pé ọmọ yunifásítì kan gba 160, "ó ju ti NFL lọ", ẹ rọra fún un ní omi mu.

4. Ibi tí òṣùwọ̀n yẹn ti ń tan ni jẹ

Ẹ wo 100 tó ń fún bọ́ọ̀lù tí wọ́n mú. Bí quarterback bá ju bọ́ọ̀lù kékeré sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹni náà ò sún yáàdì kan síwájú, òṣùwọ̀n ṣì fún un ní 100. Ó wá jọ pé sísún yáàdì 12 àti kíkàn mú un lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kóòṣì tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dùn ún wò lórí ìwé mọ ọ̀nà yẹn dáadáa.

Ní tèmi, mo fẹ́ràn ìṣirò kejì, tó tún rọrùn jù. Ẹ mú yáàdì, ẹ fi 20 kún un fún touchdown kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ 45 fún ìjágbà kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in sí iye jíjù. Kò san owó kankan fún mímú lásán, ó sì ń gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó bá fún ọ̀tá ní bọ́ọ̀lù. Burrow 2019: 5,671 àti 1,200, ẹ yọ 270, ó di 6,601. Ẹ pín in sí 527, ó jẹ́ 12.5. Zappe 2021, bákan náà, jẹ́ 9.8. Bí ẹ bá ní àyè fún òǹkà kan ṣoṣo, èyí ni kẹ́ ẹ mú.

5. Ẹ wá ibi tí wọ́n kó ìgbéṣánlẹ̀ pa mọ́ sí

Ibi tí ẹni tó ń wo NFL ti máa ń ṣìnà nìyí. Ní NFL, bí wọ́n bá gbé quarterback ṣánlẹ̀ tó pàdánù yáàdì 8, inú yáàdì tí ẹgbẹ́ náà fi jíjù gbà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní yunifásítì, abẹ́ sísá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí ẹni pé ọmọ náà gbé bọ́ọ̀lù sá, tó sì sá lọ sẹ́yìn. Aburú méjì ló ń tìdí ẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀ ṣáá máa ń mọ́ lára nínú òṣùwọ̀n jíjù, nítorí kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀. Ẹni tó sì mọ ẹsẹ̀ sá á wá dà bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n sá.

Ká ní ìwé kọ pé ọmọ kan sá nígbà 10, yáàdì 12. Ẹ ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀, ní ìlà àwọn tó ń dènà ní ẹgbẹ́ kejì: wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ nígbà 4, ó pàdánù yáàdì 30. Ẹ yọ ọ́. Ìgbà 6 ló sá ní tòótọ́, yáàdì 42 ló sì rí, 7 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ̀yìn yẹn lẹ óò wá gbé yáàdì 30 náà lọ síbi jíjù: ẹ yọ ọ́ nínú yáàdì tó jù, ẹ sì fi 4 kún iye tí ẹ fi ń pín in. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ gún.

Ẹ má sì di gbogbo ìgbéṣánlẹ̀ ru quarterback. Àwọn géńdé márùn-ún ló dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tí Olumuyiwa Fashanu, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò àlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ń ṣọ́ apá òsì ní Penn State, quarterback rẹ̀ ń rí àyè mí. Ẹgbẹ́ Jets ti New York mú Fashanu ṣe ẹni kọkànlá nígbà tí NFL ń ṣa ọmọ tuntun lọ́dún 2024. Òǹkà irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sí lórí ìlà kankan, ara ìlà ẹlòmíràn ló ń fara hàn sí.

Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ jà, ẹ kó jíjù àti sísá pọ̀. Jayden Daniels ti LSU lọ́dún 2023 ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù: jíjù 327, yáàdì 3,812; sísá 135, yáàdì 1,134. Àpapọ̀ jẹ́ yáàdì 4,946 lórí ìgbà 462, ìyẹn 10.7, ìgbéṣánlẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kojú Florida nínú oṣù kọkànlá, ó ju yáàdì 372, ó sì tún sá 234. Ẹni tó bá ka ìlà jíjù nìkan lọ́jọ́ náà ò tíì rí Daniels. Ẹ tún rántí Lamar Jackson ní Louisville lọ́dún 2016: bí 56 ni wọ́n ń mú nínú gbogbo 100 tó jù, ọ̀pọ̀ sì ń yínmú sí i. Ó sá yáàdì 1,571, touchdown 21 pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó sì gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó dáa jù ní bọ́ọ̀lù yunifásítì.

6. Ta ló bá ta á?

Yunifásítì tó wà ní ìpele gíga ju 130 lọ, wọn ò sì dọ́gba rárá. Ẹgbẹ́ ńlá máa ń sanwó fún ẹgbẹ́ kéékèèké kó wá jẹ ìyà. Ọdún 1990, David Klingler ti Houston ju touchdown 11 nínú eré kan. Mọ́kànlá! Àwọn wo ló jù ú lé lórí? Eastern Washington, ẹgbẹ́ ìpele kejì. 84 sí 21 ló parí. Ó parí sáà náà pẹ̀lú touchdown 54. Bí ẹ bá yọ 11 ọjọ́ yẹn, ẹ ó rí i pé ó ṣì dáa, àmọ́ kò tún dẹ́rù bani mọ́.

Nítorí náà, ẹ tò gbogbo eré rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn tó bá àwọn alágbára ta. Ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀. Grayson McCall ti Coastal Carolina gba 207.6 lọ́dún 2021, ó ga ju 202.0 Burrow lọ. Àmọ́ ìlà Burrow ní ẹgbẹ́ méje tí wọ́n wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè lọ́jọ́ tí LSU bá wọn ta, gbogbo wọn ló sì nà. McCall kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti fà. Trey Lance náà, ní North Dakota State lọ́dún 2019, ju touchdown 28 láìsí ìjágbà kan, ìpele kejì sì ni. Jíjù 287 péré ni. Ẹgbẹ́ NFL ti San Francisco mú un ṣe ẹni kẹta lọ́dún 2021, owó iyebíye lórí òǹkà tí kò tíì pọ̀.

Bákan náà, bí ẹ bá ń bá àwọn ará àtijọ́ wé, ẹ rántí pé láti ọdún 2002 ni NCAA ti ń ka àwọn eré ìparí sáà mọ́ òǹkà. Klingler fi eré 11 ní 54 rẹ̀, Burrow fi 15 ní 60.

7. Ta ló ń mú un fún un?

Burrow kan náà wà ní LSU lọ́dún 2018. Òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 133.2, yáàdì 7.6 lórí jíjù kan, touchdown 16. Èèyàn wọ́pọ̀wọ́pọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, 202.0. Ṣé apá rẹ̀ ló yí padà láàárín oṣù mẹ́jọ? Ó dàgbà sí i, òótọ́ ni. Àmọ́ kóòṣì kan, Joe Brady, ti ẹgbẹ́ NFL New Orleans Saints wá pẹ̀lú ọ̀nà tuntun, Ja'Marr Chase mú yáàdì 1,780 àti touchdown 20, Justin Jefferson mú 111 fún 1,540. Àwọn méjèèjì ṣì ń dá àwọn adènà NFL lágara. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù sí irú àwọn yẹn lè jù ú wọ́, wọn á ṣì mú un.

Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ gba touchdown lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ wo quarterback kejì tó wọlé fún un, tàbí ẹni tó wà ní ipò náà lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú kóòṣì kan náà. Bí ẹni méjì bá ń rí òǹkà kan náà tẹ̀ léra, kóòṣì lẹ ń wò. Bí ti ọ̀kan bá yàtọ̀ gedegbe, ọmọ náà lẹ ń wò.

Òṣùwọ̀n QBR tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN gbé jáde lọ́dún 2011 ń gbìyànjú láti ka sísá, ìgbéṣánlẹ̀ àti agbára alátakò pọ̀, láti 0 sí 100. Ó wúlò. Àmọ́ ẹ ò lè fi bírò ṣe é nílé, èmi kì í sì í fi gbogbo ọkàn gbára lé ohun tí mi ò lè ṣírò.

8. Bébà kan, bírò kan, eré kan

Ìlà inú ìwé kò mọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sórí bébà: ìgbìyànjú kelòó ni, yáàdì mélòó ló kù, mélòó ló rí, àti àmì ✓ tàbí ✗. Òfin tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò yìí ń tẹ̀ lé rọrùn. Ní ìgbìyànjú kìíní, ó gbọ́dọ̀ rí ìdajì ohun tó kù. Ní ìkejì, 70 nínú 100. Ní ìkẹta àti ìkẹrin, gbogbo rẹ̀.

Ká ní ìgbìyànjú kẹta ni, yáàdì 8 ló kù. Ó ju bọ́ọ̀lù kúkúrú, wọ́n mú un, wọ́n sún un yáàdì 6, wọ́n wó ẹni tó mú un lulẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, òǹkà rẹ̀ gòkè: mímú kan, yáàdì 6. Lórí bébà yín, ✗ gàdàgbà. Wọ́n ní láti ta bọ́ọ̀lù dà nù fún alátakò. Ní ìgbìyànjú kìíní pẹ̀lú 10, yáàdì 6 kan náà á gba ✓.

Ẹ kọ ìgbéṣánlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ kọ sísá rẹ̀. Bí ayò bá ti di 45 sí 7, ẹ gbé bírò sílẹ̀; àwọn tó ń dènà ti ń ronú ọ̀nà ilé. Lópin eré, ẹ ka ✓, ẹ pín in sí gbogbo ìgbà tí ẹ kọ. Bó bá kọjá ìdajì, iṣẹ́ gidi ló ṣe.

Ẹ wá ṣí fóònù, kẹ́ ẹ fi bébà yín sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá ga tí bébà sì kún fún ✗, ẹ padà lọ wo àwọn ìgbìyànjú kẹta rẹ̀, ní pàtàkì èyí tí 5 sí 9 kù níbẹ̀. Ẹ ka iye tó jù tí kò dé ibi tí wọ́n ń lọ.